Báàgì Kan fún Kámẹ́rà àti Ìwé: Ẹ̀kọ́ fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Owó Rẹ̀ Kò Pọ̀

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá sínú ìwé ẹgbẹ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti gírámà, kì í sì í ṣe ti ewì. Ọ̀rọ̀ báàgì ni. A mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò ní ṣé báàgì náà tún di ohun tí ẹnì kan ń kọ́ ẹnì kejì. Kí wọ́n jọ̀wọ́ ní sùúrù díẹ̀.

Àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn wà nínú wa, àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ọnà náà wà. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń ya fọ́tò níbi ayẹyẹ ìgbaniwọlé, ọjọ́ ìbí àti ìgbéyàwó láti fi san owó ilé ìwé. Ní ti irú àwọn wọ̀nyí, kámẹ́rà kì í ṣe ohun ìṣeré. Síbẹ̀, inú báàgì kan náà ni kámẹ́rà, lápútọ́ọ̀pù, ìwé, agbòjò àti búrẹ́dì ti jọ ń gbé láti àárọ̀ di alẹ́, nítorí kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti máa wọ́ báàgì méjì káàkiri láti họ́sítẹ̀ẹ̀lì dé kíláàsì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí a sọ ọ́ di ẹ̀kọ́. Nígbà tí a wà ní ọdún kejì, màmá wa, tí wọ́n ń ta ẹja gbígbẹ ní Kakuri ní Kàdúná, kó àjọ. Owó àjọ náà ni wọ́n fi ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ kan fún wa. Wọn kò bèèrè iye tí a óò máa rí nídìí rẹ̀. Wọ́n kàn ní kí a má jẹ́ kí owó àwọn ṣòfò. A lọ ra báàgì tí yóò máa gbé e. Ohun tí a wò lára báàgì náà kò ju ẹwà lọ: ó dúdú, ó ń dán, wọ́n sì lẹ orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá kan mọ́ ọn tí ó dá wa lójú pé ilé iṣẹ́ náà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Nínú rẹ̀, ihò ńlá kan ṣoṣo ló ní, àti àpò tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún lápútọ́ọ̀pù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, a ra omi inú ọ̀rá méjì. A mu ọ̀kan, a ju èkejì sínú báàgì, a sì wọ kẹ̀kẹ́ NAPEP. Àwa mẹ́ta la fún ara wa sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, báàgì wà láàárín ẹsẹ̀ wa. Gálégálé ojú ọ̀nà ti fi ẹnu ṣájà lápútọ́ọ̀pù gún ọ̀rá omi náà láìjẹ́ pé a mọ̀. Kí a tó sọ̀ kalẹ̀ ní Samaru, gbogbo omi náà ti dà sí ìsàlẹ̀ báàgì, ibẹ̀ gan-an ni kámẹ́rà sì jókòó sí. Lápútọ́ọ̀pù bọ́, nítorí pé ó wà lókè nínú àpò tirẹ̀. A sá kámẹ́rà sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó ń tún wọn ṣe tú u wò, ó mi orí, ó sì kó o padà sínú ọ̀rá fún wa. Omi inú ọ̀rá kan, ìdajì lítà péré, ló jẹ owó àjọ oṣù mẹ́wàá.

A kò lè sọ ọ́ fún màmá wa títí sáà ẹ̀kọ́ fi parí. Nígbà tí a délé, a dọ̀bálẹ̀, a jẹ́wọ́. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá bi wá pé, “Níbo lo gbé omi náà sí?” A ní, “Inú báàgì kan náà ni, mà.” Wọ́n ní, “Ẹja gbígbẹ àti omi, ṣé o rí i kí n dì wọ́n pọ̀ rí?” Ìyẹn nìkan ni wọ́n sọ, wọ́n sì padà sídìí ọjà wọn.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn wa. Bí a sì ṣe ń rò ó, a rí i pé bí àwọn baba wa náà ti máa ń ṣe àpò nìyẹn. Àpò kì í ṣe ẹyọ kan lọ́wọ́ wọn. Apó ni ti ọfà, ó gùn, ó sì ṣe tóóró kí ọfà lè dúró láìtàsé. Làbà ni ti àwọn oníṣàngó. Awọ ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹdùn àrá sì ni wọ́n ń gbé sínú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀kọ àti àkàrà. Ọ̀kẹ́ ni ti owó ẹyọ. 20,000 owó ẹyọ ló ń wọ inú rẹ̀, títí orúkọ àpò náà fi di orúkọ iye, tí a fi ń ka ọ̀kẹ́ kan, ọ̀kẹ́ méjì títí di òní. Ẹrù ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò kí wọ́n tó rán àpò. Àwa ni a ń ra báàgì tán kí a tó máa rọ́ ẹrù sínú rẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí.

Ẹ WỌN ẸRÙ YÍN KÍ Ẹ TÓ DÉ ỌJÀ

Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń gbé jáde lójoojúmọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì mú rúlà. Ẹ jẹ́ kí a fi kámẹ́rà kan tó wọ́pọ̀ ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn Canon EOS 2000D tí ó jáde ní 2018. Ara rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 13, ó sì ga tó 10. Bí a bá fi lẹ́ǹsì kékeré tí wọ́n sábà ń tà pọ̀ mọ́ ọn sí i, láti ẹ̀yìn kámẹ́rà dé ẹnu lẹ́ǹsì yóò tó bíi 15. Àwọn méjèèjì kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 700 lọ. Ẹ rí i pé kámẹ́rà kọ́ ni ẹrù ńlá. Lápútọ́ọ̀pù àti ìwé ni.

Níbi lápútọ́ọ̀pù ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Bí wọ́n bá ní lápútọ́ọ̀pù kan jẹ́ íǹṣì 15.6, wọ́n wọn ojú rẹ̀ láti igun òkè kan dé igun ìsàlẹ̀ kejì ni. Kì í ṣe ìbú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ka etí tó yí ojú náà ká. Bí ẹ bá wọn odindi rẹ̀, gígùn rẹ̀ yóò wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 36 sí 38, fífẹ̀ rẹ̀ yóò sì tó bíi 25. Ìdí nìyí tí oníbáàgì fi lè búra pé “Ó máa wọ̀ ọ́,” kí ẹ délé kí sípù má pa dé.

Ẹ má gbé lápútọ́ọ̀pù lọ sọ́jà láti fi dán báàgì wò, olè pọ̀. Ohun tí a ṣe nígbà tí a fẹ́ ra èkejì ni pé a gé páálí kan sí ìwọ̀n lápútọ́ọ̀pù wa gẹ́lẹ́. A wá fi páálí bisikíìtì ṣe àpótí kékeré tó fẹ̀ tó kámẹ́rà wa, tó sì ga tó o. A kó méjèèjì sínú ọ̀rá, a lọ sọ́jà. Báàgì tí páálí méjèèjì kò bá wọ̀ pọ̀, a kò tilẹ̀ bèèrè iye rẹ̀. Àwọn kan fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀, wọ́n ní ṣé páálí ni a fẹ́ máa gbé lọ sí ilé ìwé ni.

Ẹ tún ro ìwúwo. Lápútọ́ọ̀pù bíi kílò méjì, ṣájà rẹ̀, kámẹ́rà, ìwé ńlá méjì, agbòjò àti omi ìdajì kílò: ó ti ń lọ sí kílò márùn-ún kí a tó ka báàgì fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà ti gba àwọn òbí níyànjú pé kí báàgì ọmọ ilé ìwé má ṣe ju ìdá mẹ́wàá sí ogún nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ara rẹ̀ lọ. Àwa kì í ṣe ọmọdé mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ẹ̀yìn ń jẹ́. Ẹni tó bá wọn kílò 60, kí ó má jẹ́ kí ẹrù ojoojúmọ́ rẹ̀ kọjá kílò 6 tàbí 7. Nítorí náà, báàgì olókùn méjì tí a ń pọ̀n sẹ́yìn ni a fara mọ́. Ti èjìká kan a máa yá láti ṣí, ó sì wu àwọn ayàwòrán, ṣùgbọ́n bí a bá fi gbé kílò márùn-ún láti họ́sítẹ̀ẹ̀lì dé kíláàsì lójoojúmọ́, èjìká kan náà ni yóò máa jìyà.

ỌJÀ

Ẹ̀yin ará, ẹ má ra báàgì tí wọ́n dìídì ṣe fún kámẹ́rà, àfi bí ẹlòmíràn bá rà á fún yín. Ó wọ́n. Ìrọ̀rí ti gba gbogbo inú rẹ̀ débi pé ìwé kò rí àyè. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé orúkọ kámẹ́rà sábà máa ń wà lára rẹ̀ gàdàgbà, ó sì ń pe olè. Báàgì ilé ìwé lásán tó lágbára ni kí ẹ rà, kí ẹ wá ṣe ìtẹ́ kámẹ́rà sínú rẹ̀ fúnra yín. A óò dé orí ìtẹ́ náà láìpẹ́.

Àwọn àgbà ní ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn. A kò fẹ́ bá àgbà jiyàn, ṣùgbọ́n nídìí okirika, òwe yìí kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Gwánjò ni àwa tí a bí sí Òkè Ọya ń pè é. Orúkọ ìlú Okrika ní ìpínlẹ̀ Rivers ni àwọn ará gúúsù fi ń pè é. Báàgì ilé ìwé tí ọmọ kan ti lò ní Yúróòpù tàbí ní Kòríà, tí ó sì ṣì dúró ṣinṣin, ti yege ìdánwò tí báàgì tuntun kò tíì ṣe. A rí irú rẹ̀ rà ní Sabon Gari ní Sáríà níbí ní owó tí kò tó ìdajì ti tuntun. A kò ní kọ iye rẹ̀ síbí, nítorí kí ìwé yìí tó jáde, náírà yóò ti sọ ohun mìíràn.

Àìsàn kan wà tó máa ń pa báàgì gwánjò. Ẹ yí inú rẹ̀ síta. Wọ́n máa ń fi nǹkan kan bíi rọ́bà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ polyurethane, kun inú aṣọ báàgì kí omi má baà tètè wọlé. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a máa bà á jẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Bí ẹ bá rí i pé inú báàgì ń bó bí awọ ejò, tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ dá a padà. Òjò yóò wọ inú rẹ̀, ìyẹ̀fun rẹ̀ yóò sì máa bọ́ sórí lẹ́ǹsì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ìdí okùn níbi tí ó ti so mọ́ ara báàgì lókè. Ibẹ̀ ni gbogbo ìwúwo ń fà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ báàgì ti ń já. Kí wọ́n rán an ní ìgbà púpọ̀, kí ojú rírán náà ṣe bí àpótí tó ní àgbélébùú nínú. Bí ẹ bá rí i pé ẹsẹ̀ òwú kan péré ló kọjá níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, àfi bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ tààrà fún télọ̀. Sípù ló kàn. Ẹ fà á lọ, ẹ fà á bọ̀, pàápàá níbi kọ̀rọ̀. Nọ́ńbà a máa wà lẹ́yìn orí sípù nígbà mìíràn, bíi 5, 8 tàbí 10. Bí nọ́ńbà bá ti pọ̀ tó ni eyín sípù ṣe fẹ̀ tó. Fún báàgì tó ń gbé lápútọ́ọ̀pù, a fẹ́ràn 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. YKK, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Japan ní 1934, lókìkí gidi fún sípù, ṣùgbọ́n ayédèrú rẹ̀ kún ọjà. Ọwọ́ yín ni kí ẹ gbà gbọ́ ju lẹ́tà ara rẹ̀ lọ.

Ní ti tuntun, àwọn báàgì tí wọ́n ń rán ní Àbá, tí wọ́n ń kó jáde láti ọjà Ariaria, dára bí ẹ bá yẹ ìdí okùn wọn wò. Ẹlòmíràn yóò ní, ìlú awọ la kúkú wà, kí ló dé tí a kò ra báàgì awọ? Lóòótọ́ ni. Iṣẹ́ awọ Kánò ti pẹ́ kí òyìnbó tó dé, ní Samaru níbí sì ni ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ awọ wà. Awọ gidi a máa pẹ́ ju ọ̀rá lọ. Ṣùgbọ́n ó wúwo, òjò sì ni ọ̀tá rẹ̀. Kí ẹni tó bá ti gboyè tó sì ríṣẹ́ ra ìyẹn.

A kò ní ka Ghana-must-go mọ́ báàgì ojoojúmọ́. Ẹ fi í kó ẹrù wọ họ́sítẹ̀ẹ̀lì nìkan. Ṣùgbọ́n bí a ti ń pè é bẹ́ẹ̀ ká rántí pé ní 1983 ni ìjọba wa lé àwọn ará Gánà lọ, tí orúkọ náà fi lẹ̀ mọ́ àpò ọ̀hún, àti pé ní 1969 ni ìjọba Gánà ti kọ́kọ́ lé àwọn àlejò tiwọn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá. Ẹrù àwọn ìyá wa náà wà lójú títì nígbà yẹn.

ÌTẸ́ KÁMẸ́RÀ

Ibi tí owó ti ń ṣẹ́ kù sápò nìyí. Ìtẹ́ ni a pe àpótí rírọ̀ tí kámẹ́rà yóò máa jókòó sí nínú báàgì. Ẹ má fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì ṣe é. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì ń mu omi bí kànìnkànìn, bí kámẹ́rà bá sì tẹ̀ ẹ́ fún oṣù méjì, yóò di pẹlẹbẹ. Fóòmù tí wọ́n fi ń ṣe sílípáàsì ni kí ẹ wá, èyí tó le díẹ̀, tí omi kì í wọ inú rẹ̀. Àwọn tó ń rán bàtà máa ń ní i ní ìpele ńlá, wọ́n sì lè gé díẹ̀ tà fún yín. Kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan.

Fún kámẹ́rà tí a wọ̀n lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú àyè díẹ̀ fún bátìrì àti ṣájà rẹ̀, ẹ gé ìdí kan, 23 lọ́nà 14. Ẹ gé ẹ̀gbẹ́ gígùn méjì, 23 lọ́nà 16, àti ẹ̀gbẹ́ kúkúrú méjì, 12 lọ́nà 16. Ẹ gbé àwọn ẹ̀gbẹ́ lé orí ìdí, ẹ fi gọ́ọ̀mù oníbàtà lẹ̀ wọ́n pọ̀. Inú rẹ̀ yóò ku 21 lọ́nà 12, gíga rẹ̀ yóò sì jẹ́ 16. Kámẹ́rà yóò dojú lẹ́ǹsì rẹ̀ kọlẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò wà lókè, ọwọ́ yóò sì tètè dì í mú. Ẹ jẹ́ kí òórùn gọ́ọ̀mù náà tán pátápátá kí kámẹ́rà tó wọ ibẹ̀. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ní ìta kò pọ̀ jù. Ẹ fún télọ̀ ní àjákù ańkárá tàbí aṣọ rírọ̀ kí ó fi bò ó, kí ó sì ran ìdérí sí i. Báàgì tí ìdí rẹ̀ kò bá jìn tó sẹ̀ǹtímítà 14 kò lè gba ìtẹ́ yìí, nítorí náà ẹ rántí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gé páálí.

Bí ẹ bá fẹ́ to ẹrù, kí lápútọ́ọ̀pù fara ti ẹ̀yìn yín, kí ìwé tẹ̀ lé e, kí ìtẹ́ wà níwájú. Ẹ tẹ́ fóòmù méjì lé ara wọn sábẹ́ ìtẹ́ náà, kí ó lè ga kúrò nílẹ̀ báàgì. Ṣájà lápútọ́ọ̀pù gbọ́dọ̀ wà nínú àpò tirẹ̀, ẹnu rẹ̀ mú. Omi kò gbọdọ̀ wọ inú báàgì rárá. Kí ó wà nínú ike tó ní ìdérí, ní àpò ẹ̀gbẹ́ lóde. Bí báàgì kò bá ní àpò ẹ̀gbẹ́, ẹ mu omi yín tán kí ẹ tó wọ kẹ̀kẹ́.

Nínú kẹ̀kẹ́ NAPEP, ẹ gbé báàgì kọ́ àyà, kì í ṣe àárín ẹsẹ̀. Ní àsìkò òjò, ẹ ká ọ̀rá ńlá kan sínú àpò iwájú. Bí òjò bá ká yín mọ́ ọ̀nà, ẹ gbé gbogbo ìtẹ́ náà sínú ọ̀rá kí ẹ tó dá a padà. Ọyẹ́ ni tiwa níbí yóò wá láti November. Eruku tó ń bá a rìn fẹ́lẹ́ ju àtíkè lọ. Láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń fẹ́ wá. Ẹ má pààrọ̀ lẹ́ǹsì níta lásìkò náà, kí ẹ sì máa gbọn ìtẹ́ síta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ sílé sí Èkó tàbí Port Harcourt nígbà ọlidé, ẹ má ti kámẹ́rà mọ́ inú báàgì títí ẹ óò fi padà. Ibi tó ṣókùnkùn tó sì ní ọ̀rinrin ni lẹ́ǹsì ti máa ń bu bíi búrẹ́dì, tí nǹkan funfun yóò máa ta gbòǹgbò nínú dígí rẹ̀, títún un ṣe sì lè wọ́n ju lẹ́ǹsì náà lọ. Ẹ máa kó àwọn ọ̀rá kéékèèké tó ń fa omi mọ́ra, tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun, sínú ìtẹ́, kí ẹ sì máa gbé kámẹ́rà síta kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i.

Ẹ óò fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ tiwa já sí. A yá kámẹ́rà ọ̀rẹ́ wa ya fọ́tò fún odindi sáà kan, a sì pín owó rẹ̀ sí méjì pẹ̀lú rẹ̀. Owó yẹn ni a fi ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ mìíràn, ó kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ. A ti san ohun tó ju ìdajì owó àjọ náà padà fún màmá wa. Nígbà tí wọ́n rí báàgì tuntun náà, wọ́n ki ọwọ́ bọ inú ìtẹ́, wọ́n fọwọ́ tẹ ìdí rẹ̀, wọ́n bèèrè ibi tí omi ń gbé, a sì na ìka sí ẹ̀gbẹ́ lóde.

Páálí tí a fi gé ìwọ̀n ìtẹ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá fẹ́ yá a kí ó rí wa lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n kí ó jọ̀wọ́ má ṣe ká a.